Ìpè Mẹ́ta Láti Òkè Odò

Ká sòótọ́, kì í ṣe pé ìjọba méjèèjì ò fẹ́ràn ara wọn. Wọ́n jọ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn lórí omi odò, wọ́n bọra wọn lọ́wọ́ níwájú àwọn oníkámẹ́rà, wọ́n sì pààrọ̀ kálàmù bíi tọkọtìyàwó tó ń pààrọ̀ òrùka. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pe Baba Odò síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Iṣẹ́ náà ò le. Láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, á sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò, á wo òpó irin tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, á sì kọ ibi tí omi dé sínú ìwé. Lókè odò, ní orílẹ̀-èdè kejì, ọkùnrin kan wà tó ń ṣọ́ ibi tí wọ́n ti sé omi. Òun ló ń ṣí àwọn ilẹ̀kùn irin nígbà tí omi bá kún jù. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni àwọn méjèèjì ti mọra lórí fóònù láìfojú kanra rí.

"Ará Ìsàlẹ̀, mo fẹ́ ṣílẹ̀kùn o! Tètè ká aṣọ rẹ lórí okùn."

"Ará Òkè, ìgbà wo lo máa tó lajú? Ó yá, fún mi ní wákàtí mẹ́ta."

Wákàtí mẹ́ta yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ẹ̀gbọ́n Baba Odò obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, ń gbé ní bèbè odò níbi tó ti ń gbin àlùbọ́sà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Bí Ará Òkè bá ti pè, Baba Odò á kó ọkùnrin mẹ́ta mọ́ra, wọ́n á gbé ọkọ ẹ̀gbọ́n tòun tàga lọ sí ilé ìwé orí òkè. Ọkùnrin náà á máa juwọ́ sáwọn èèyàn lójú ọ̀nà, á ní ọba nìkan ni wọ́n ń gbé báyẹn.

Àdéhùn dé, nǹkan wá létò. Ará Òkè á kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá á kọ ọ́ sí olú ìlú wọn, olú ìlú wọn á kọ ọ́ sí olú ìlú tibí, tibí á wá kọ ọ́ sí Baba Odò. Òṣìṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ fẹnu lásán bá ti ọ̀hún sọ̀rọ̀ omi mọ́, kí ẹnì kan má baà ṣi ọ̀rọ̀ ìjọba sọ. Baba Odò ṣì gba ìpè kan lẹ́yìn ìyẹn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́: "Ará Òkè pè mí." Àṣejù olóòótọ́! Kíá ni ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ dé.

"Bàbá, ọdún méjì ló kù kẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì," ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un. "Tó bá tún ṣẹlẹ̀, wọ́n máa lé yín ni o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó mi sí wàhálà."

Baba Odò tọrọ àforíjì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà òjò ọdún tó tẹ̀ lé e, ó jókòó nídìí tábìlì rẹ̀, ọ̀gá wà ní yàrá kejì, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Fóònù dún. Ará Òkè ni. Baba Odò da fóònù dojú bolẹ̀. Ó tún dún. Ó dún lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì pẹ́ kó tó dákẹ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ọkùnrin náà kàn fẹ́ kí òun ni. Irọ́ ló ń pa. Ó lọ wo òpó irin, omi ò kúrò níbi tó wà láàárọ̀. Ó ní tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi ni, ìwé á dé.

Omi ló dé, kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sáré ti oko àlùbọ́sà wọlé, ó fa ọkọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ni omi ti gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kẹfà, ìwé tó ní wọ́n fẹ́ ṣílẹ̀kùn omi dé, pẹ̀lú òǹtẹ̀ mẹ́rin lára. Ẹni tó mú un wá ní kí Baba Odò fọwọ́ sí i pé ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó fọwọ́ sí i. Gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Òun nìkan ló wá kù, tó ń lọ sí ilé ìwé orí òkè láti lọ wojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àbúrò mi," obìnrin náà ní, "ọ̀rẹ́ rẹ ti òkè yẹn, ṣé kò pè ni?"

Ó lè ní kò pè. Ta ló máa mọ̀?

"Ó pè, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè. Mi ò gbé e."

Obìnrin náà ò pariwo.

"Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo rí i pé òjò ṣú lókè," ló sọ. "Mo wẹ̀ fún ọkọ mi, mo wọ̀ ọ́ láṣọ, mo gbé àga síta. Òun náà ń sọ pé, 'Má ṣèyọnu, àbúrò rẹ ti ń bọ̀.'"