Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Lórí Òkè

Ó ju tọ́bò tó jóná sórí tábìlì àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó dún gbàgà, epo dúdú sì ta sára ìwé tí obìnrin náà ń kọ.

"Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé láàárín ọdún kan! Ṣé o fẹ́ ba tèmi jẹ́ ni?"

Àbúrò yìí ni mẹkáníìkì rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti ra píkọ́ọ̀pù náà. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ọ̀hún kéré débi pé àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ẹ̀rọ ìlọta ló wà lábẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n tọ́bò tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ ni agbára rẹ̀. Tírélà kékeré tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́yìn, tó kún fún òkúta, ó ń fà á gun òkè wẹ́rẹ́. Ní báyìí, agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́lé lórí òkè ti ní bí òkúta kò bá dé lónìí, òun yóò gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.

"Mo ti sọ fún Màámi," ni ó wí, "pé àlòkù lo ń dè fún mi, tí o ń pè é ní tuntun."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí ìwé. "Ìdí tí Màámi kì í fi gbé fóònù mi mọ́ láti oṣù tó kọjá nìyẹn?"

Inú ń bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ju kí ó bẹ̀bẹ̀ lọ.

"Báwo lẹ ṣe ń wa ọkọ̀ yìí gan-an, bọ̀ọ̀dá mi?"

"Ìwọ tí mo kọ́ ní ìrìn! Ìwọ ni yóò wá kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà?"

Obìnrin náà já páálí tọ́bò tuntun níwájú rẹ̀, ó dè é mọ́ ẹ́ńjìnì, ó nu ọwọ́, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. "Mo ń bá yín lọ."

Wọ́n gbéra, wọ́n ń gun òkè. Tọ́bò ń súfèé, tírélà wúwo lẹ́yìn wọn. Bí ọkọ̀ ti dúró lórí òkè báyìí, ọwọ́ bọ̀ọ̀dá rẹ̀ lọ sórí kọ́kọ́rọ́. Obìnrin náà gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ má pa á! Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ti ń ṣe é?"

"Bí Bàbá ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ọkọ̀ tó bá ti dé, pa á, má jó epo lásán."

"Lọ́ọ̀rì Bàbá kò ní tọ́bò. Tọ́bò yìí ń gbóná bí iná lẹ́yìn òkè, epo ẹ́ńjìnì tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń tù ú. Bí ẹ bá pa ẹ́ńjìnì lójijì, epo dúró, ó jóná síbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, ẹ jẹ́ kó mí."

Inú bí i. Ó bínú sí àbúrò rẹ̀, ó bínú sí òkè, ó bínú sí bàbá tó ti kú, tí kò ṣeé bá jà. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ yìí náà ló pa tọ́bò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ́ńjìnì ń kùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà tí ó ṣe, obìnrin náà wo aago, ó ní, "Ẹ lè pa á báyìí."

Kò pa á. Ó yọ fóònù lápò, ó pe ìyá wọn, ó sì gbé e sáàárín àwọn méjèèjì kí àbúrò rẹ̀ lè gbọ́ ohun tí òun fẹ́ sọ.