Àmì Abẹ́ Ewé

Ìyá Télọ̀ fi iṣẹ́ aṣọ sílẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ẹ̀yìn ilé ló wá gbájú mọ́, níbi tí ògiri àti igi ńlá kan kì í jẹ́ kí oòrùn dé. Gbogbo ohun tó gbìn síbẹ̀ ló kú, àfi ewéko kan tí ewé rẹ̀ rí bí ìyẹ́ ẹyẹ, tó ń tutù yọ̀yọ̀ látọdún dé ọdún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó yí ewé rẹ̀ kan padà wò. Àmì róbótó-róbótó, pupa rúsúrúsú, tò lábẹ́ ewé náà bíi bọ́tìnnì.

Ta ló ń fi nǹkan sí i? Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Òun àti ìyàwó ọmọ náà nìkan ló wà nílé, ìyàwó yìí sì ń ta oògùn ní kẹ́mísì. Ẹni tó mọ oògùn mọ májèlé.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ láti fèrèsé ilé ìdáná. Lọ́sàn-án Sátidé, ìyàwó jáde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi sísọ́ọ̀sì gé ewé kan, ó fi pépà wé e, ó sì wọlé kíá.

“Ìyàwó, kí lo lọ ṣe lẹ́yìn ilé?”

“Mo lọ gba atẹ́gùn ni, mà.”

Ìyá Télọ̀ rọra sọ sínú pé, “Sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń gba atẹ́gùn báyìí.”

Lọ́jọ́ kejì, ó po omi ọṣẹ, ó ń fi kànrìnkàn ha àwọn àmì náà kúrò. Ìyàwó bá a níbẹ̀, ó figbe ta.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́! Irúgbìn rẹ̀ lẹ ń fọ̀ dànù yẹn!”

“Irúgbìn? Ewéko tí kì í tanná?”

Ìyàwó mú un lọ sí yàrá rẹ̀. Abọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fi ọ̀rá bò ó. Àwọn ewé wẹ́wẹ́, tí kò tó èékánná ọmọ ìkókó, ti bo iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀.

“Eruku inú àwọn àmì yẹn ni mo gbìn. Ewé tí mo kọ́kọ́ gé ló hù yìí, ó ti pé oṣù mẹ́ta.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Tí mo bá mú ìgbálẹ̀ lásán, ẹ máa ń tẹ̀ lé mi láti ṣọ́ mi, mà. Mo rò pé ẹ ò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.”

Ìyá Télọ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ibi tí kò jókòó sí rí látìgbà tí wọ́n ti gbé ìyàwó wọlé.

“Má bínú,” ló sọ nígbẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ dìde, ó rọra yọjú wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Àpótí aṣọ ló wà níbẹ̀, mà,” ni ìyàwó wí.