Ọ̀bẹ Tí Bàbá Mi Fi Ń Sàmì Òkun

Bísí, àlá tí mo lá mọ́jú òní kò yé mi. Òkun fà sẹ́yìn jìnnà, tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ilé wa àtijọ́ tí omi ti gbé lọ. Ẹja ń fò lókè bí ẹyẹ, kò sì yà mí lẹ́nu. Bàbá mi olóògbé wà nídìí òpó ilé. Nígbà ayé wọn, bí òkun bá ti kún, wọ́n á fi ọ̀bẹ fa ìlà sára òpó yẹn, ká lè mọ ibi tí omi dé. Wọn ò wo ojú mi. Wọ́n ní, "Ó ti ń padà bọ̀. Mú ọ̀bẹ wá."

Mo tú àpò mi, iyanrìn ló kún inú rẹ̀. Omi dé orúnkún wọn, ó dé àyà, ọwọ́ wọn ṣì nà sí mi.

Bí mo ṣe jí nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo kúrò nílé ni wọ́n fún mi ní ọ̀bẹ náà, pé kí n máa mú un bọ̀ wálé wá fa ìlà. Mi ò padà lọ títí wọ́n fi kú. Òun ni mo fi ń gé àlùbọ́sà.