Táyà Gíga àti Ẹsẹ̀ Màámi

Ọkọ mi, Gòkè, kì í ra nǹkan kékeré. Bí o bá rán an ní iṣu kan, àpò ni yóò gbé dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi bú sẹ́rìn-ín nígbà tó sọ pé òun fẹ́ pààrọ̀ táyà píkọ́ọ̀pù òun sí èyí tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà tó sọ ìdí rẹ̀ ni mo tó pa ẹnu dé.

Màámi, ìyá tó bí i, ni ìdí náà. Kí wọ́n tó bí Gòkè ni àwọn òbí rẹ̀ ti ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Maiduguri, àdúgbò Yerwa ni wọ́n sì ń gbé. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wọn àti ilé Lubabah, ọmọ Kanuri. Lubabah àti Màámi jọ tọ́ ọmọ, wọ́n jọ di opó, Hausa ni wọ́n sì fi ń bá ara wọn ṣàwàdà. Nígbà tí omíyalé wọ ìlú, ilé Lubabah wó. Ọmọ rẹ̀ mú un lọ sí ilé tó kọ́ sí ẹ̀yìn ìlú, Màámi náà sì wá bá wa ní àdúgbò Umarari. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú Lubabah lápá ọ̀tún. Ọwọ́ tó fi ń di irun ara rẹ̀ kò gbéra mọ́.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni Gòkè ń fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ gbé Màámi lọ di irun Lubabah. Kì í ṣe pé kò sí ẹlòmíràn tó lè dì í o. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ wà nílé, ó sì mọ irun ún dì. Lubabah ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ní orí òun kì í ṣe orí tí gbogbo ọwọ́ ń wọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn sì yé Màámi dáadáa. Òun ni yóò tú u, tí yóò fi òróró pa á, tí yóò sì dì í, àwọn méjèèjì á wá máa sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn Yerwa títí oòrùn á fi rọlẹ̀.

Ọ̀nà ibẹ̀ ló di wàhálà. Omíyalé ti da iyanrìn bò ó, bẹ́ẹ̀ píkọ́ọ̀pù Gòkè wúwo, nítorí òun ló fi ń kó páìpù àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga kiri. Ní Sátidé kan, ọkọ̀ náà rì débi tí ríìmù wọ inú iyanrìn. A wa iyanrìn títí ó fi sú wa, a sì padà sílé láì dé ọ̀dọ̀ Lubabah. Lójú ọ̀nà, Màámi kàn di òòyà rẹ̀ mú lórí itan, Gòkè sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, a lọ sí Yerwa, sọ́dọ̀ Àṣírù, ọmọ Ìwó tó ń ta táyà. Àṣírù fi ẹsẹ̀ yí ọ̀kan tó fi díẹ̀ tóbi ju tiwa lọ jáde.

"Bùrọ̀dá Gòkè, ẹ mú èyí. Kò ní í ha mọ́gáàdì, kò sì ní í jẹ́ kí ọkọ̀ mu epo jù."

"Ìyẹn kéré," Gòkè fèsì.

"Iyanrìn lẹ sọ pé ẹ fẹ́ máa gbà kọjá, àbí òkè lẹ fẹ́ gùn?"

"Àṣírù, nítorí màmá mi ni. Mi ò fẹ́ kí ọkọ̀ náà rì mọ́ láéláé."

Àṣírù fi ẹsẹ̀ yí táyà náà padà sáyè rẹ̀. Ta ni yóò bá ọmọ jiyàn lórí ìyá rẹ̀?

Ọkọ mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọn nǹkan. Ó yí síárìn sọ́tùn-ún dé òpin, ó yí i sósì, ó fi téèpù wọn àlàfo tó wà lábẹ́ mọ́gáàdì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka ọdún tí wọ́n ṣe táyà náà lára rẹ̀, nítorí táyà tuntun lè ti gbó sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fi ìka lu ríìmù tuntun tó fẹ́ rà pẹ̀lú táyà, ó tẹ́tí gbọ́ bó ṣe ń dún. Èmi náà dá sí i. Mo ní kó mú ríìmù dúdú, pé eléyìí tó ń dán máa ń tètè fi ìdọ̀tí hàn. Ọlọ́run ló mọ bí a ṣe pẹ́ tó lórí àwọ̀ ríìmù. Nígbà tó yá, Gòkè mú èyí tó tóbi jù lọ tó lè wọ ọkọ̀ náà láì gé mọ́gáàdì.

Nígbà tí wọ́n dè é tán, píkọ́ọ̀pù náà ga débi tí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń pariwo "Babbar mota!", ìyẹn ọkọ̀ ńlá, tẹ̀lé e. Gòkè nìkan wà á lọ sí ọ̀nà iyanrìn náà láti dán an wò. Ó lọ, ó bọ̀, kò dúró níbì kankan. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó jẹun lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ó di Sátidé. Màámi jáde pẹ̀lú báàgì rẹ̀, òòyà àti òróró wà nínú rẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ibi tí à ń tẹ ẹsẹ̀ lé kí a tó wọ ọkọ̀ ti ga kọjá orúnkún rẹ̀ dáadáa. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó wò ó, ó wo ìró tó ró.

"Ọkọ̀ yìí mà dára o," ó ní. "Olúwa á máa pa ọ́ mọ́ nínú ẹ̀. Orí ló kàn ń fọ́ mi. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní òun ń retí àlejò. Àlejò kankan kò dé. Ní Sátidé kẹta, ó ní kí a ránṣẹ́ sí ìyàwó ọmọ Lubabah kó máa bá a di irun náà.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Gòkè. "Ìyá Fẹ́rànmí, àbí Màámi àti ọ̀rẹ́ wọn jà ni?"

"Wọn ò jà," mo dá a lóhùn. "Ọkọ̀ rẹ ló ga."

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ní Sátidé kẹrin, ó gbé àpótí ìjókòó wá síbi ọkọ̀. Màámi gun àpótí náà, ìró fún mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ kejì kò sì dé òkè. Àfi kó ká ìró náà sí itan lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì tó ń di páìpù sẹ́yìn ọkọ̀. Màámi kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láyé. Gòkè ní òun lè jó irin àtẹ̀gùn mọ́ ọkọ̀ náà lábẹ́, ṣùgbọ́n òun náà mọ̀ pé èyí tó bá rẹlẹ̀ tó fún ẹsẹ̀ Màámi, inú iyanrìn ni yóò wọ̀. Ló bá pe àwọn ọmọ iṣẹ́ náà. Ọ̀kan di apá Màámi mú, ọ̀kan di ẹsẹ̀, òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ọ̀kan, méjì, ó yá!"

Màámi figbe ta. "Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀! Gòkè, mo ní kí o sọ̀ mí!"

N kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé wọn. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Gòkè ṣì na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"Kí ni mo ṣe?" ó ń bi mí. "Nítorí wọn ni mo ṣe ra gbogbo ẹ̀. Kí ni mo ṣe?"

Mo wọlé tọ Màámi lọ. Etí bẹ́ẹ̀dì ló jókòó sí, báàgì rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sì fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀.

"Ìyàwó mi, bí wọ́n ṣe gbé bàbá Gòkè nìyẹn. Nígbà tó kú, píkọ́ọ̀pù la fi gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọkùnrin dì í mú lápá, wọ́n dì í mú lẹ́sẹ̀, ẹnì kan ní, 'Ọ̀kan, méjì, ó yá.' Gòkè wà níléèwé lọ́hùn-ún. Kò mọ bí wọ́n ṣe gbé e." Ó nu ojú rẹ̀. "Òkú ni wọ́n ń gbé sọ́kọ̀. Èmi ò tíì kú. Má sọ fún un o, ó ti gbìyànjú."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ní kí n má sọ, òun ni mo máa ń tètè sọ. Mo sọ fún Gòkè lọ́jọ́ náà gan-an. Ó jókòó sórí àpótí tó gbé wá fún ìyá rẹ̀, ó sì sunkún. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ wọ́ àwọn táyà àtijọ́ tòun ti ríìmù wọn jáde láti ẹ̀yìn ilé, ó gbé jáàkì, ó sì ń tú nọ́ọ̀tù. Mo ní kó pe àwọn ọmọ iṣẹ́. Ó ní rárá.

Nígbà tí Sátidé tún pé, Màámi jáde, ó rí ọkọ̀ tó ti sọ̀ kalẹ̀. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì, ó jókòó, ó sì fa ìró rẹ̀ bo ojúgun. Níbi tí iyanrìn ti bẹ̀rẹ̀, Gòkè sọ̀ kalẹ̀, ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde díẹ̀ nínú táyà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè fẹ̀ lórí iyanrìn. A ń lọ jẹ́jẹ́. Mo ti ń dúpẹ́ nínú mi nígbà tí ọkọ̀ náà rì. A ti ń rí òrùlé ilé Lubabah lọ́ọ̀ọ́kán.

Gòkè gbé orí lé síárìn. "Màámi, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n wa iyanrìn, kí n fi pákó sábẹ́ ẹ̀."

Màámi ti ṣílẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kanlẹ̀.

"Máa wa iyanrìn rẹ," ó ní. "Bí a bá gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Èmi ń lọ."

Mo gbé báàgì rẹ̀, mo sì ń tẹ̀lé e. Ó fi ọwọ́ kan dì mí léjìká. A dúró sinmi lábẹ́ igi dóńgóyárò kan, a tún ń lọ, ọkọ mi sì ń fi ṣọ́bìrì wa iyanrìn lẹ́yìn wa.

Lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà la bá Lubabah. Ó rí Màámi, ó fi ọwọ́ òsì fa ìbòrí rẹ̀ sílẹ̀. Irun tí Màámi dì fún un kẹ́yìn ló ṣì wà lórí rẹ̀. Ó ti rí jágajàga, ewú sì ti hù jáde nídìí rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

"Maman Goke, sannu da zuwa," ó kí i káàbọ̀. Ó wá ń bá a lọ ní Hausa pé, "Wọ́n sọ fún mi pé ọmọ rẹ ra táyà ńlá fún ọkọ̀ rẹ̀. Gbogbo Sátidé ni mo ń tẹ́tí kí n gbọ́ ìró rẹ̀. Ọkọ̀ náà dà?"

"Ó wà lẹ́yìn, nínú iyanrìn." Màámi jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó mú òòyà jáde nínú báàgì. "Èmi ni mo dé. Tẹ orí rẹ ba."