Òrùlé Yàrá Ọ̀jẹ̀túndé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ilé ṣe ń kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á, ẹ lọ wo ilé ẹbí. Lẹ́yìn ọjà Ayétòrò ni bàbá Àṣìkẹ́ kọ́ tirẹ̀ sí. Ó pín yàrá fún àwọn ọmọ rẹ̀ kó tó kú, wọ́n sì sin ín sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti ìgbà náà ni páànù ti ń ṣí tí ògiri ń wó, kò sì sẹ́ni tó fi ẹ̀kúnwọ́ amọ̀ kan lé e. Kì í ṣe pé agbára wọn kò ká a. Ẹni tó bá tún yàrá tirẹ̀ ṣe nínú ilé ẹbí, wọn á ní ó fẹ́ gba ilé mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo wọn ń sá fún. Òjò ní tirẹ̀ kò sá fún ẹnikẹ́ni.

Bí ilé ti ń wó, ojú wá bọ́ sí oko. Oko ẹ̀gẹ́ ẹbí wà lọ́nà Ìmásàyí. Àṣìkẹ́ ló ń ro ó láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, gárì ibẹ̀ ló sì fi ń jẹun. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ọ̀jẹ̀túndé pè é lórí fóònù láti Ìlaro.

“Àṣìkẹ́, Gbọ́lá ọmọ mi fẹ́ kọ́lé. Tíṣà ni ní Ayétòrò, ó sì ń háyà ilé ní ìlú bàbá rẹ̀. Ìtìjú ni. A máa gé oko yẹn sí púlọ́ọ̀tì. Á mú tirẹ̀, a ó ta ìyókù. Sọ̀fíyọ̀ tó máa wọn ilẹ̀ náà ń bọ̀ láìpẹ́.”

“Ẹ̀gbọ́n, èmi wá ńkọ́?”

“A ó yọ púlọ́ọ̀tì kan fún ìwọ náà.”

Àṣìkẹ́ gbé fóònù sílẹ̀. Ta ló ń fi púlọ́ọ̀tì yan gárì? Inú bí i, ẹ̀rù sì bà á, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìlú ṣèpàdé pẹ̀lú àwọn ará ìlú. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Peace ló bá wọn sọ̀rọ̀, kò sì fepo bọyọ̀. Ó ní ìlú ń sáré wọnú oko, àárín rẹ̀ sì ń ṣófo. Títì, omi àti iná wà lẹ́yìn ọjà, kò sẹ́ni tó ń lò wọ́n. Àwọn tó lọ kọ́lé sínú igbó ń pariwo pé àwọn kò ní. Ó ní kí wọ́n padà tún ilé àtijọ́ ṣe, kí oko lè máa jẹ́ oko. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Àlejò ni, kò tíì jẹ nínú ọbẹ̀ ilé ẹbí.

Àṣìkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń lọ, ó yà sílé bàbá rẹ̀. Ó wo yàrá tirẹ̀ tí koríko ti hù sí, ó wo ti Ọ̀jẹ̀túndé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí òun bá tún tòun ṣe, òun gba ilé nìyẹn. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n òun ńkọ́? Ó dá rẹ́rìn-ín.

Ó kó owó gárì tó ti ń tọ́jú jáde, kò sì pẹ́ tí Báyọ̀ káfíńtà fi dé sórí òrùlé. Àwọn ará ilé múra ìjà wá. Nígbà tí wọ́n gbọ́ yàrá ẹni tí wọ́n ń kàn, wọn kò mọ ibi tí wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀ èébú.

Òfófó tó dé Ìlaro kò pé. Lọ́jọ́ tí sọ̀fíyọ̀ ń bọ̀, Ọ̀jẹ̀túndé kọ́kọ́ gba ilé ẹbí wá, Gbọ́lá tẹ̀ lé e.

“Wọ́n ní o ti ń gba ilé bàbá wa.”

Àṣìkẹ́ kúnlẹ̀. “Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ wọlé.”

Ọ̀jẹ̀túndé wọ yàrá rẹ̀. Páànù tuntun wà lókè, sìmẹ́ǹtì wà nílẹ̀, ògiri dán. Gbọ́lá ṣí fèrèsé. Ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà síbẹ̀.

“Tìẹ dà?” Ọ̀jẹ̀túndé béèrè.

Ó fi hàn án. Ọkùnrin náà dúró sínú koríko, ó gbójú sókè, ojú ọ̀run ló rí. Ojú tì í.

“Kí ló dé tó o ṣe tèmi?”

“Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá ṣe tèmi, wọ́n á ní mo gba ilé. Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ sí èyí tí mo ṣe fún yín? Kí Gbọ́lá máa gbébẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi oko sílẹ̀ fún mi.”

Fóònù Ọ̀jẹ̀túndé dún. Sọ̀fíyọ̀ ti dé oko, ó ní ibo ni kí àwọn ti bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ máa padà sílé,” ni Ọ̀jẹ̀túndé wí. “Ẹ má bínú, a ti mú yín rìn jìnnà. Ẹnìkan ń ro ibẹ̀.”

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Lọ pe káfíńtà yẹn wá, kó bá mi bo yàrá àbúrò mi kí òjò tó dé.”

Àṣìkẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú ọkọ́ rẹ̀, ó lọ sóko.