Nọ́ńbà Tí Ènìyàn Méjì Ń Kà

Iṣẹ́ méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ló wà lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú wọn sì ti há. Ìyá Ẹ̀rọ tẹjú mọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin náà nílé ìwòsàn yìí nìyẹn, nítorí ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ńlá tó gba odidi yàrá kan nísàlẹ̀ ilé. Èyí tó há ló yẹ kó pa, kí èkejì lè ráyè parí àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún lọ́la.

Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń wọlé nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Tẹ́lẹ̀, Ìyá Ẹ̀rọ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ ni wọ́n jọ ń ṣe é: ẹnì kan á ka nọ́ńbà sókè, ẹnì kejì á kà á padà, kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun. Ọ̀rẹ́ náà fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá, wọn ò sì fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Àga rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kí Ìyá Ẹ̀rọ máa kà á sókè kí ẹnikẹ́ni má dáhùn máa ń dùn ún dọ́kàn, ló bá jáwọ́ nínú ẹ̀.

Ọ̀kan jẹ́ 99998, èkejì jẹ́ 3. Èyí tó há ló kọ́kọ́ wọlé, nọ́ńbà kékeré ló sì máa ń ṣáájú. Ó pa 3.

Ìgbà tó tẹ̀ ẹ́ tán ló rántí pé bí nọ́ńbà bá dé òpin, ìyẹn 99999, ẹ̀rọ á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan. 99998 ló kọ́kọ́ wọlé, òun ló há. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta ti bómi lọ.

Fóònù dún. Ọ̀gá wọn lókè ni, ọkùnrin tí Ìyá Ẹ̀rọ lè bí lọ́mọ. Ó ní àwọn dókítà ń retí àkọsílẹ̀, ṣé ẹ̀rọ gbígbó yẹn tún ti gbé tiẹ̀ dé ni. Ó rọrùn láti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí Ìyá Ẹ̀rọ bá sọ òótọ́, wọ́n lè ní kó lọ sinmi nílé, ilé tí kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀.

“Ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan, sà. Èmi ni mo pa èyí tí kò yẹ kí n pa.”

Ọ̀gá béèrè pé, “Ta ló bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, mà?”

“Kò sẹ́nì kankan. Láti ọdún tó kọjá ni kò ti sẹ́nì kankan.”

Ó gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe mí kanlẹ̀. Ọ̀gá wá béèrè bóyá àkọsílẹ̀ náà ṣì lè bọ́ sásìkò. Ìyá Ẹ̀rọ ní bí òun bá tún un bẹ̀rẹ̀ báyìí, á jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa èyí tó há.

“Ẹ má tíì gbé fóònù sílẹ̀, sà. Mo fẹ́ ka nọ́ńbà kan, kí ẹ kà á padà fún mi.”

Ó kà á. Ọ̀gá kà á padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́rin, lẹ́yìn náà mẹ́jọ. Ìyá Ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́.

“Ẹ ó máa bá mi kà á lójoojúmọ́,” ló wí, “títí ẹ ó fi rí ẹni tó máa jókòó sórí àga yìí.”