Ọkọ̀ Orest Mu Omi Adágún

Orest ọkọ mi kì í gba ìmọ̀ràn. Nígbà tí òtútù bá ń bọ̀, tí gbogbo ará Saskatchewan níbí ní Kánádà ń rọra fa ọkọ̀ ojú omi wọn jáde, ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ni òun á tì wọ inú adágún láti fa tirẹ̀, títí taya á fi rì. Ìyá mi, tó fi ogójì ọdún wa ọkọ̀ ọkà, bá a wí lójú gbogbo wa.

"Orest, irin tó gbóná tí o bá rì bọ omi tútù, ó máa mu omi ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mama, ọkọ̀ ni o, kì í ṣe màlúù."

Oṣù kẹwàá nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, nọ́ọ̀sì pè mí láti ọsibítù tí wọ́n dá Mama dúró sí, ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí wa. Ó ní bí mo bá fẹ́ bá Mama láyé, kí n máa bọ̀ kíákíá. Ọkọ̀ kékeré tèmi kò lè la yìnyín ojú ọ̀nà wa kọjá. Àwọn aládùúgbò ti sá fún òtútù lọ yá oòrùn ní Arizona. Píkọ́ọ̀pù yẹn nìkan ló kù.

Ẹ́ńjìnnì dáhùn, torí a ti fi wáyà iná mú un gbóná mọ́jú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Orest ki í sí jíà, ọkọ̀ náà gbọ̀n, kò sún.

"Bíréèkì ló dì," ó wí. Ó fi òòlù lu taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí ká. Kò sún.

"Á jẹ́ pé ọ́ìlì jíà ló ki." A dúró kó gbóná. Kò sún.

Ló bá ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe bí yìnyín bá di ọkọ̀ mú: jíà iwájú, jíà ẹ̀yìn, iwájú, ẹ̀yìn, kí ọkọ̀ lè mi ara rẹ̀ jáde.

"Orest, yìnyín kọ́ ló dì í mú o!"

"Ìwọ ṣáà jókòó jẹ́ẹ́."

Nǹkan kan dún gbàmù lábẹ́ wa.

Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ṣí ilé jíà tó wà láàárín taya ẹ̀yìn. Ọ́ìlì inú rẹ̀ ti funfun bíi wàrà, omi dídì wà nísàlẹ̀, eyín jíà tó ká sì há sínú rẹ̀.

"Màlúù rẹ ti mu omi," mo wí fún un. Inú ń bí mi gan-an.

Fóònù dún. Nọ́ọ̀sì ní òun ti gbé e sí Mama létí.

"Lesia, ẹ ti kúrò nílé?" Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín.

"A ti wà lójú ọ̀nà, Mama."

"Irọ́ lò ń pa. Mi ò gbọ́ ẹ́ńjìnnì." Ó mí díẹ̀. "Ibo ló ti bàjẹ́?"

"Ẹ̀yìn ni, Mama. Omi ni."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ní kó yọ ṣáfù ẹ̀yìn, irin gígùn tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sẹ́yìn. Ẹ dáná sábẹ́ ilé jíà náà, kí omi yẹn yọ́. Taya iwájú náà ní jíà tirẹ̀, á fà yín dé ọ̀dọ̀ mi."

Mo ké e sí Orest. Láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ, ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ gbọ́ràn láìjiyàn.

"Búlọ́ọ̀tì mélòó ló ti yọ?"

"Ẹyọ kan, Mama."

"Mẹ́rin ni. Kó má fipá yọ wọ́n o."

"Ó ti di méjì." Mo tẹ fóònù mọ́ etí mi. "Mama, ó ti di mẹ́ta. Mama?"

Ohùn míì ló dáhùn. Nọ́ọ̀sì ni. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà," ó wí. "Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an."

Irin wúwo kan já lulẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀.

"Ó ti bọ́ o!" Orest ń pariwo. "Lesia, bá mi bi Mama, kí ló kàn?"